Àwọ̀n Aláǹtakùn Ojú Ọ̀nà Igbó Òrí

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ nílé, kí ó má bá ọ lójú ọ̀nà igbó. Ohun tí mo ti ń tọrọ láti àná nìyẹn, láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ lẹ́nu Áfáà. Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, tó gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Sọ fún wọn pé ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún yìí tí kò jẹ́ kí n rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni ò bá rí ní ẹnu ọ̀nà ilé yín ní Àrán-Ọ̀rin, kì bá jẹ́ ìwé.

O mọ Áfáà, ọkùnrin ará Ṣàárẹ́ tó ń ta kán-ún káàkiri ìlú wa. Òun ló ń bá mi kọ ọ́. Ìkọ̀wé ìmàle ló fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè wa ni. Òun náà ni yóò kà á sí ọ létí. Ó kọ́kọ́ ní kí n rán òun ní iṣẹ́ ẹnu, pé òun kì í gbàgbé iṣẹ́. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ yìí, bí apá kan bá bọ́ nínú rẹ̀, apá tó kù lè pa ènìyàn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé apá kan ni mo kọ́ ọ ní kékeré.

Ohun tí Áfáà sọ ni pé nígbà tí òun gbé kán-ún dé agbo ilé yín, àwọn obìnrin ń yìn ọ́. Wọ́n ní ìwọ ni wọ́n fi ṣe aṣíwájú àwọn ìyàwó kéékèèké tó ń lọ ṣa òrí ní ìdájí, nítorí pé o mọ ojú ọ̀nà kà. Ó ní wọ́n bi ọ́ léèrè bí o ti ṣe ń mọ̀ ọ́n, o sì dá wọn lóhùn pé, “Ìyá mi ló kọ́ mi. Bí àwọ̀n aláǹtakùn bá wà lódidi lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá níbẹ̀.”

Ó sọ ọ́ fún mi kí inú mi lè dùn. Òwú ni mo ń gbọ̀n lọ́wọ́. Mo fi òwú náà sílẹ̀. Áfáà rò pé àìsàn ló kì mí mọ́lẹ̀.

Òótọ́ lo sọ, èmi ni mo kọ́ ọ. O kò tíì ju ọmọ tí ń di ìdì igi kékeré lọ nígbà náà. A jọ ń lọ sí oko, o nawọ́ sí àwọ̀n kan, mo sì sọ gbólóhùn yẹn fún ọ bí ẹni ń pa àlọ́. Mo yẹ kí n sọ ìyókù. Èmi ni mo gbé e mì. Bí mo bá sọ ìyókù, ìwọ á bi mí bí mo ti ṣe mọ̀ ọ́n, èmi á sì ní láti sọ bí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní àbúrò mi ṣe rí gan-an.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ẹ̀yìn ni mo ń wò yìí. Fara balẹ̀ gbọ́, má sì jẹ́ kí Áfáà sáré kà á.

Nígbà tí mo wà ní ọmọge, ó ku ọdún kan kí wọ́n fi mí fún bàbá rẹ, àgbà obìnrin kan wà ní agbo ilé wa níbí, ní Òwu-Ìsin, tí à ń pè ní Ìyá Àjíkẹ́. Òun ló máa ń ṣíwájú wa lọ sí igbó òrí. O mọ bí nǹkan ti rí lákòókò ogun: obìnrin tó bá lọ ṣa òrí lè má padà, àwọn ajínigbé á ti dì í lọ. Nítorí náà, bí a bá ń tẹ̀ lé Ìyá Àjíkẹ́, ó máa ń dúró. Á bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, á wo etí koríko, á wo òkè, títí tí àwa ọmọdé á fi máa kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo bi í ohun tó ń wò. Ó fi àwọ̀n aláǹtakùn kan hàn mí láàrin igi méjì, ó sọ gbólóhùn tí ìwọ náà mọ̀ yẹn. Ó ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ. Èmi ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ti sáré lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mo ti mọ àṣírí Ìyá Àjíkẹ́. Mo rò pé mo ti gbọ́ tán.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tó yá pé ẹ̀gún gún Ìyá Àjíkẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí igbó títí òun yóò fi lè rìn. Ṣùgbọ́n ìjì ti jà ní ọjọ́ méjì léra wọn, òrí ti jábọ́ sílẹ̀ yanturu, a sì ń gbọ́ pé àwọn ará agbo ilé kejì fẹ́ lọ gbá gbogbo rẹ̀. Mo ní mo mọ̀nà. Àwa mẹ́rin la jáde bí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀: èmi, Àbẹ̀ní àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, àti ìyàwó ilé méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Ibì kan wà tí ọ̀nà ti fún láàrin igi òrí méjì. Nígbà tí a débẹ̀, mo rí àwọ̀n náà. Ó fẹ̀ tó atẹ tí a fi ń fẹ́ ọkà. Kò sí okùn kan tó já lára rẹ̀. Aláǹtakùn náà wà láàrin, ó dorí kodò. Inú mi dùn, bí ẹni pé èmi ni mo ta á. Inú Àbẹ̀ní kò dùn bíi tèmi. Ó dúró, ó wò yíká, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹyẹ kankan kò ké?”

Mo ní, “Ọ̀nà mọ́. Máa lọ.”

Èmi ni mo fi ọ̀pá gbé àwọ̀n náà sókè kí Àbẹ̀ní lè bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó kọjá. Ó rìn dé ìdí igi ńlá tó wà níwájú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣa òrí, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì dìde nínú koríko. Mo gbọ́ tó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo sá, Àṣàkẹ́. Gbogbo wa la sá, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló pè.

Bàbá mi wá a lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ sí ìhà Ìlọrin, ó lọ sí ọ̀nà ilẹ̀ Tápà. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ sára ògiri, kò sì dárúkọ Àbẹ̀ní mọ́ títí ó fi kú. Títí di òní, a kò gbúròó rẹ̀.

Ohun tó kù nínú ìtàn yìí, n óò sọ ọ́ kí n tó dákẹ́. Áfáà ń wò mí báyìí, ó fi gègé ìkọ̀wé rẹ̀ lélẹ̀. Mo ní kó gbé e. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó lè dá ẹ̀mí rẹ sí, nítorí òrí ti ń jábọ́ níbí, mo sì mọ̀ pé ó ti ń jábọ́ lọ́dọ̀ yín náà.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, Ìyá Àjíkẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Kò bá mi wí. Ó ní kí n sọ bí àwọ̀n náà ti rí. Mo sọ ọ́. Ó bi mí bóyá ìrì wà lára koríko ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní ó wà, pé ẹsẹ̀ wa tutù dé orúnkún. Ó wá ní, “Ìrì wà lára àwọ̀n náà?” Mo ronú. Kò sí. Ó gbẹ, ó ń dán bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ran. Ìyá Àjíkẹ́ wá sọ pé kò tíì pẹ́ tí aláǹtakùn náà ta á tí a fi débẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wo aláǹtakùn. Mo ń wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, mo ń wò wọ́n ní ìdájí, títí àwọn ará ilé fi rò pé orí mi ti dàrú. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kí o mọ̀.

Èkíní, aláǹtakùn kì í ṣọ́nà fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló ń wá. Bí a bá já àwọ̀n rẹ̀, ebi ni yóò jẹ́ kó tún un ta. Mo fi ọwọ́ mi já ọ̀kan lẹ́yìn ilé wa ní ìdájí, mo gbé iṣu kaná, mo wá jókòó tì í. Ó kọ́kọ́ kó èyí tó já jọ, ó sì jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń jẹ òwú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú okùn kan sínú afẹ́fẹ́, ó dúró títí okùn náà fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka òdìkejì, ó wá fi í ṣe afárá. Ó na okùn láti àárín sí etí yíká. Ó fi òwú gbígbẹ yí i po láti àárín jáde. Ó tún wá yí padà láti etí wọlé, ó ń fi òwú tó ń lẹ̀ dípò èyí tó gbẹ. Nígbà tí mo dìde lọ wo iṣu mi, kò tíì jinná. Àwọ̀n ti wà lódidi. Ǹjẹ́ o gbọ́ ohun tí mo ń sọ? Bí ogún ọkùnrin bá gba ọ̀nà náà kọjá lọ ba sínú koríko, kí iṣu kan tó jinná, kò sí àmì wọn lójú àwọ̀n mọ́. Ohun tí àwọ̀n odidi ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò kọjá láti ìgbà tó ti ta á tán. Ìgbà wo ló ta á tán? Ìyẹn ni kí o wá.

Ìrì ni yóò sọ fún ọ. Bí koríko bá tutù, tí àwọ̀n sì gbẹ, padà sílé. Má dúró bi ẹnikẹ́ni. Bí ìrì bá sẹ̀ sára méjèèjì bákan náà, àwọ̀n náà ti wà níbẹ̀ láti òru. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ìrì rárá, ẹ má lọ.

Aláǹtakùn ńlá kan wà tí òwú rẹ̀ pọ́n bí epo bí oòrùn bá tàn sí i. Ìyẹn kì í ta tuntun lójoojúmọ́ bí àwọn kékeré. Àwọ̀n rẹ̀ a máa pẹ́, a máa ní eruku, a máa ní ìyẹ́ kòkòrò tó ti jẹ lára. Bí ó bá ya, ibi tó ya náà ló ń tún ṣe. Bí o bá rí i tí apá kan rẹ̀ gbó, tí apá kejì sì mọ́ tónítóní, bi ara rẹ léèrè ohun tó ya á. Ẹyẹ lè ya á. Òkété á ya á nísàlẹ̀. Ènìyàn á ya á ní ìdúró ènìyàn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ọ, kò ní dúró lójú ọ̀nà. Èyí ni mo gbàgbé jù lọ ní ọjọ́ náà: òkè ni mo gbójú sí. Wo inú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Aláǹtakùn kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ́ òwú rẹ̀ pẹlẹbẹ bí aṣọ, tó sì ní ihò lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sá sí. Tirẹ̀ kì í yára tún ṣe. Bí o bá rí i tí àwọn aṣọ wọ̀nyẹn ti fàya ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ wọ inú igbó lọ, ẹnìkan ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n má tún di ojo, ọmọ mi. Bí o kò bá rí àwọ̀n, kì í ṣe pé ogun dé. Èyí tó bá ti yó lè má ta rárá ní ọjọ́ kejì, tàbí kí ó ta kékeré. Èyí tí ebi bá ń pa yóò ta fífẹ̀, bí kòkòrò kò bá sì wá, yóò kó kúrò lọ sí igi mìíràn. Bí òjò bá ń ṣú, òmíràn kì í ta. Bí o bá ń pariwo ìbẹ̀rù lójoojúmọ́ nítorí ohun tí kò tó nǹkan, ní ọjọ́ tí ẹ̀rù yẹ ní bíbà, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ padà.

Mo fẹ́ sọ òmíràn. Mo máa ń ju ewé gbígbẹ sínú àwọ̀n wọn. Aláǹtakùn á fi ẹsẹ̀ kan lé okùn, á gbọ́ bí ó ti ń gbọ̀n, á wá, á fọwọ́ kàn án, á sì tú u dànù. Bí ó bá jẹ́ eṣinṣin, kò ní tú u. Ara okùn ló fi ń mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ní ojú, mo sì ní ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ní etí. Àbẹ̀ní gbọ́ pé ẹyẹ dákẹ́. Nítorí náà, Àṣàkẹ́, ẹni tó bá kéré jù nínú yín, bí ó bá ní òun kò fẹ́ lọ, tí kò tilẹ̀ lè sọ ìdí, ẹ padà. Má bi í pé ta ni aṣíwájú. Èmi bi àbúrò mi bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi.

Má sì rán ẹnikẹ́ni ṣíwájú rẹ láéláé. Bí o bá sọ pé ọ̀nà mọ́, ẹsẹ̀ tìrẹ ni kó kọ́kọ́ kọjá.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, Áfáà sọ fún mi pé nínú ẹ̀sìn tiwọn, aláǹtakùn ta àwọ̀n dí ẹnu ihò àpáta tí ẹni mímọ́ kan sá sí nígbà tí àwọn ọ̀tá ń lé e, àwọn ọ̀tá náà rí àwọ̀n náà, wọ́n sì yí padà. Ó ní kí n má kórìíra rẹ̀. Mo ní n kò kórìíra rẹ̀, n kò sì jiyàn. Bí Ọlọ́run bá rán an níṣẹ́ ní ọjọ́ náà, ó jíṣẹ́. Èyí tó wà ní igbó òrí wa, ẹnikẹ́ni kò rán an.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ti ń yí i kiri láti òwúrọ̀. Tàdáwà Áfáà ti ń tán lọ, ó sì fẹ́ jáde bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́.

O mọ ìtàn Àbẹ̀ní. O rò pé o mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí o bá ti ṣorí kunkun ní kékeré, mo máa ń sọ fún ọ pé, “Má ṣe bí Àbẹ̀ní tó sáré ṣíwájú.” Irọ́ ni. Nígbà tí a sá dé ilé ní ọjọ́ náà, ìyá mi bi mí pé níbo ni Àbẹ̀ní wà. Mo ní ó sáré ṣíwájú wa, pé mo pè é, kò dáhùn. Àwọn ìyàwó méjèèjì wà lẹ́yìn, wọn kò gbọ́ ohun tí mo sọ fún un, nítorí náà wọn kò lè já mi nírọ́. Ìyá mi gbà mí gbọ́. Ó bínú sí Àbẹ̀ní títí ó fi kú. Ó máa ń sọ pé orí kunkun rẹ̀ ló gbé e lọ. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, á tún máa sunkún, èmi á sì wà níbẹ̀, n óò máa bá a nu ojú.

Ìyá Àjíkẹ́ mọ̀. Bí ó ti ń bi mí léèrè nípa ìrì, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, bóyá ó ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ó kú kí n tó sọ ọ́.

Wọ́n ní aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa, ó sì ta ká mi lára títí mo fi fi í tọ́ ọ. Bí mo bá ti sọ òtítọ́ fún ìyá mi, ǹ bá ti sọ ọ́ fún ọ, ìwọ kì bá sì máa kó ọmọ ẹlòmíràn lọ sínú igbó lórí gbólóhùn kan. Bàbá rẹ kò mọ̀. N óò sọ fún un lónìí, kí Áfáà tó kúrò, kí n má baà tún sún un síwájú. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí nítorí rẹ pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Àbẹ̀ní kì í ṣe olórí kunkun. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Bí o bá bí ọmọbìnrin, má fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà á.

Báyìí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Kí o tó tún gbé agbọ̀n, pe àwọn ìyàwó náà jọ, pe ìyá ọkọ rẹ mọ́ wọn. Sọ fún wọn pé o kò mọ ojú ọ̀nà kà tó bí o ti wí. Sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, títí kan ti irọ́ mi, má bo àṣírí mi. Ní kí wọ́n fi ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ ṣe aṣíwájú, kí ìwọ máa wo koríko fún un. Ojú yóò tì ọ́. Àwọn kan nínú wọn yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa pe ara wọn wá gbọ́. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tí o bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ilé ló ṣì wà.

Èmi ni,
Àdùkẹ́, ìyá rẹ.